Ìjàpá tó bọ́ karawun

Olú ló kọ́kọ́ là mí lójú. Oṣù kejì ọdún 2018 ni mo tẹ́ rọ́ọ̀gì pupa tuntun sínú ọkọ̀ àtijọ́ tí mò ń tún ṣe, mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo lọ ra àkísà. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Oṣù karùn-ún kò tíì parí, òjò ò tíì rọ̀ ju bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ, tí olú fi hù lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ má rò pé àsọdùn ni o. Olú gidi, funfun, mẹ́rin, wọ́n nàró lórí rọ́ọ̀gì mi bí ẹni tó ti san owó ilé ọdún méjì sílẹ̀. Ìyàwó mi bẹjú wò wọ́n, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé kí n gbé ata kaná?"

Volkswagen Ìjàpá ni ọkọ̀ náà, 1303 ti ọdún 1973, èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, tó ṣeé ká sẹ́yìn. Ọ̀gá olùkọ́ yunifásítì kan ló gbé e bọ̀ láti Jámánì nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tí bàbá náà kú, ọkọ̀ ọ̀hún wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Bódìjà fún ọdún 19, ewé ń bọ́ lé e, eku ń bímọ sínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ bàbá tó tà á fún mi ní ₦350,000 lọ́dún 2017.

Kò sí ẹni tó dàgbà díẹ̀ nílẹ̀ wa tí kò mọ Ìjàpá. Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Èkó, tíṣà ń gùn ún, nọ́ọ̀sì ń gùn ún. Ṣùgbọ́n èyí tí a lè ká lórí kò sí lára àwọn tí wọ́n tò níbí. Ilé iṣẹ́ Karmann nílùú Osnabrück ní Jámánì ló ń ṣe é, láti 1949 wọ 1980. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí mo fà á dé àdúgbò, tí mo ká ìwọ̀nba àkísà tó kù lórí rẹ̀ sẹ́yìn, ìyá ẹlẹ́kọ iwájú ilé wa pariwo, "Yéè! Ìjàpá bọ́ karawun!" Orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní nìyẹn. Ìyàwó mi di Yánníbo lọ́jọ́ náà, kò sì tíì dárí jì mí.

Ibi tí ojú ń rí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, òun ló jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra rọ́ọ̀gì, mo kun dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rán ìjókòó, ó wá ku òrùlé, mo ní tówó bá dé. Bí ẹni tó ń kun ilé tí kò tíì kan páànù. Nínú ọkọ̀ tó ní irin lórí, àlejò ni omi. Nínú irú èyí, òun ni lándìlọ́ọ̀dù. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wọbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lẹ ti máa gbàṣẹ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ olú, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo yọ rọ́ọ̀gì, mo yọ ìjókòó, ó ku páànù lásán. Mo wá ní kí ọmọ mi ọkùnrin wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì, mo na tapólì bo ibi tí òrùlé ti ya, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé họ́ọ̀sì. Mi ò da omi lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí tó bá jẹ́ òkè lèèyàn ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ibi ló máa tutù, kò sì ní mọ èwo ló bí èwo. Bí omi bá ti yọ sí i nínú, á ké, "Dádì, ó ti dé!" á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Wákàtí méjì la lò. Àmì mẹ́sàn-án la kà nígbà tó jáde, òun fúnra rẹ̀ sì ti rin gbingbin.

Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, méjì péré ni ti òrùlé tí gbogbo ayé ń fẹ̀sùn kàn. Mẹ́ta jẹ́ ti rọ́bà gíláàsì iwájú tó ti gbẹ bíi kúlíkúlí. Ọ̀kan jẹ́ ti rọ́bà tóóró kan tó yẹ kó máa gbé omi jáde láti ibi ihò afẹ́fẹ́ tó wà níwájú gíláàsì. Eku ti jẹ ẹ́, omi wá ń dà sẹ́sẹ̀ awakọ̀ bí ẹni ṣí ẹ̀rọ. Ọ̀kan jẹ́ ti ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti lu. Méjì tó kù, ara ilẹ̀kùn ni wọ́n ti wá, àwọn wọ̀nyí ló sì yà mí lẹ́nu jù. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí omi wọ inú ilẹ̀kùn mọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ló ń gbà wọlé, ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ló sì ń gbà jáde. Náílọ̀n kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin lẹ́yìn pákó ilẹ̀kùn ni kì í jẹ́ kó yà sínú ọkọ̀. Ẹni tó tún ilẹ̀kùn ṣe kó tó kàn mí ti fa náílọ̀n yẹn ya dànù, ewé máńgòrò sì ti dí ihò ìsàlẹ̀, ni páálí líle tí wọ́n fi ṣe inú ilẹ̀kùn bá mu omi, ó wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Mo fi wáyà tú ihò. Mo ra náílọ̀n dúdú tó nípọn, èyí tí àwọn bíríkìlà máa ń tẹ́ kí wọ́n tó da kọnkéré ilẹ̀ ilé, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Dípò páálí, mo gé páláíwúùdù pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta, mo fi fáníìṣì kun iwájú, ẹ̀yìn, àti etí gbogbo ihò tí mo lu sí i. Etí ihò yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi.

Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ló jẹ owó mi jù, owó tí mi ò bá má ná ká ní mo béèrè ọ̀rọ̀. Ìjàpá tó ní irin lórí, òrùlé àti ilẹ̀ rẹ̀ ló jọ di ara wọn mú. Èyí tí kò lórí, ìsàlẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà, pàápàá irin gbọọrọ abẹ́ ilẹ̀kùn, tí Karmann fi irin mìíràn kún kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ láàárín. Ibẹ̀ gan-an ni omi ti jẹ. Panẹ́bítà tí mo gbé e fún mọṣẹ́ o, àmọ́ kò ṣe irú rẹ̀ rí, èmi náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún un. Ó fi jáàkì gbé imú ọkọ̀, ó fi jáàkì gbé ìdí rẹ̀, ó gé irin tó jẹrà kúrò láàárín, ó jó tuntun síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. A gbé ọkọ̀ sílẹ̀, mo ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn òsì ò tì. Àlàfo òkè rẹ̀ ti pa pọ̀, ti ìsàlẹ̀ là sílẹ̀, ibi tó ti yẹ kó kọ́ sì ti fi ìbú ìka kan yẹ̀. Ti ọ̀tún ń ha. Ọkọ̀ ti tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àgbà, a sì ti fi iná jó o mọ́ bẹ́ẹ̀.

A gé gbogbo rẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a fi igi àti jáàkì ti ikùn rẹ̀ lábẹ́ títí ilẹ̀kùn méjèèjì fi ń tì wọ́ọ́rọ́. Mo fi tépù wọn àlàfo tó yí wọn ká, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Ìgbà náà ni panẹ́bítà jó irin kan dábùú ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, láti òpó iwájú dé òpó ẹ̀yìn, kó tó gé ohunkóhun. Bó bá gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, á dí i kó tó gé òmíràn. Ẹ̀gbẹ́ kan parí kó tó fọwọ́ kan èkejì. ₦70,000 lẹ́ẹ̀kíní, ₦70,000 lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ni mo san méjèèjì, nítorí èmi ni mo ní kó ṣe kíá.

Kí olú tó hù rárá, iná ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Bátìrì Ìjàpá kì í gbé iwájú. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ló wà, lápá ọ̀tún, sípíríǹgì irin ni wọ́n sì fi ṣe ìjókòó náà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi ìdérí bo bátìrì nítorí èyí, àmọ́ tèmi ti sọnù tipẹ́, rẹ́wáyà tó bá mi ra bátìrì tuntun sì ra èyí tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ẹni tí Ọlọ́run fún lára, ní àwọn fẹ́ gùn ún dé Mọ́kọ́lá. Wọ́n jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún, gèlè wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, wọ́n ń juwọ́ sáwọn èèyàn bí ìyàwó gómìnà. A bọ́ sínú kòtò kan, ọkọ̀ gbọ̀n, mo gbọ́ "ṣíí," bí ìgbà téèyàn da omi sórí irin gbígbóná. Wọ́n ní, "Kọ́lá, kí ló ń jó mi nídìí?"

Sípíríǹgì ti tẹ̀ kan orí bátìrì. Ohun tó sì wà láàárín sípíríǹgì àti ìdí èèyàn nínú ìjókòó Ìjàpá àtijọ́ kì í ṣe fóòmù; ìháhá tí wọ́n fi rọ́bà pò ni, kíá nirú rẹ̀ sì ń gbaná. Mo fa àǹtí mi jáde, mo fa ìjókòó jáde, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọbìnrin kan tó ń ta píọ̀ wọ́tà ya bí ọ̀rá mẹ́wàá lé e lórí kó tó rántí béèrè owó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àǹtí ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bátìrì kúkurú ló wà níbẹ̀ báyìí, bẹ́líìtì dè é mọ́lẹ̀, pákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin dúró lé e lórí láì kàn án, awẹ́ túbù táyà sì wà lórí pákó. Ẹni tó bá ní Ìjàpá, bó lórí bí ò lórí, kó dìde nísinsìnyí kó lọ gbé ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ti ìjókòó, télọ̀ méjì ló rán an fún mi. Ti àkọ́kọ́ yá, kò sì wọ́n. Ó yẹ kí n ti fura. Ó ya aṣọ àtijọ́ dànù, ó kó ìháhá iwájú sọnù pé ó ti gbó, ó fi fóòmù rírọ̀ kún un gbùnnù. Ọjọ́ tó gbé e wá, mo jókòó, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, sípíríǹgì ti jẹ fóòmù náà lábẹ́, mo wá ń wo títì láti abẹ́ sítíárìn bí ọmọdé. Ojú ìrán lẹ́dà rẹ̀ sì ya gbọọrọ, tààrà, bí ibi tí wọ́n ti ń ya rìsíìtì.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Òkè-Àdó ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Wọ́n fi èékánná tọ ojú ìrán yẹn, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ọmọ mi, abẹ́rẹ́ yìí súnmọ́ ara wọn jù. Aṣọ ni wọ́n ń rán ṣúṣú báyìí. Lẹ́dà, ihò ni ẹ ń lu sí i. Tí ihò bá ti pọ̀, ẹ ti sọ ibi tó máa gbà ya fún un." Tiwọn, ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ kan sí èkejì tó bí ìbú hóró ìrẹsì méjì. Òwú náílọ̀n ni wọ́n lò, torí oòrùn ọkọ̀ tí kò lórí kì í pẹ́ jẹ òwú lásán. Àwọn ló kọ́ mi pé kí n má ju aṣọ ìjókòó àtijọ́ nù láéláé, bó ti wù kó gbó tó, nítorí òun ni òṣùwọ̀n téèyàn máa fi gé tuntun. Aṣọ ẹ̀yìn tí télọ̀ àkọ́kọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, abẹ ni wọ́n fi tú u lójú ìrán, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi bírò kọ "iwájú," "ọ̀tún," "òkè" sí lẹ́yìn kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ń gé tuntun, wọ́n gé e kó fi díẹ̀ kéré sí ti àtijọ́, nítorí ti àtijọ́ ti fi ọdún 45 nà.

Ti ìháhá, wọ́n ní kí n lọ wá a padà. Ẹ ò ní gbà gbọ́, mo rí i. Nínú Ìjàpá jákujàku kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mọkáníìkì ni mo ti yọ ọ́, onírin lórí ni, àmọ́ ìjókòó iwájú àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. (Ti ẹ̀yìn yàtọ̀; ti èyí tí a lè ká lórí fún jù, nítorí irin òrùlé nílò àyè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ti ẹ̀yìn fún yín pé wọ́n jọ ń wọ̀.) Wọ́n tẹ́ àpò ìdọ̀họ lé sípíríǹgì kó má baà jẹ ohun tó wà lórí rẹ̀, wọ́n gbé ìháhá lé e, wọ́n wá fi fóòmù líle tí kò nípọn ju ìka kan lọ bò ó. Wọ́n na aṣọ lé e, wọ́n gbé e sóòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìhunjọ rẹ̀ ti kú.

Ẹni tó bá rò pé aṣọ kan ṣoṣo ni òrùlé yẹn, kó tú u wò. Aṣọ inú wà, tìmùtìmù tó nípọn wà láàárín, kí ti ìta tó kàn, gíláàsì gidi sì ni fèrèsé ẹ̀yìn. Irin ló gbé wọn ró, àmọ́ igi ni wọ́n kàn wọ́n mọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Ikán ti jẹ igi ẹ̀yìn tán. Kápíńtà ní ìrókò ni kì í jẹrà. Òótọ́ ni, àmọ́ ìṣó kéékèèké ò wọ ìrókò yẹn, ńṣe ló ń tẹ̀. Ọ̀gànwó la padà lò, a sì fi èyí tí ikán jẹ ṣe òṣùwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló ti di ìyẹ̀fun. Aṣọ ìta, Jámánì ni mo ti rà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham ní London ló gbà á, tó sì kó o sínú báàgì nígbà tó ń bọ̀ wá ṣọdún.

Bàbá Òkè-Àdó náà la jọ kàn án, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Inú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan ti ìta, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú oòrùn kó rọ̀. Wọ́n fà á, wọ́n ní ó tó. Èmi rí ìhunjọ kékeré kan létí gíláàsì, mo ní kí wọ́n tún fà á sí i. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Aago méjì ọ̀sán nìyí o. Ọyẹ́ ń bọ̀ lóru." Mo ní kò léwu. Wọ́n fà á, ó dán bí awọ gángan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ ti mú, aṣọ ti sún kì, mo fẹ́ fi ìkọ́ iwájú kọ́ òrùlé mọ́ orí gíláàsì, ó ṣẹ́kù ìbú ìka méjì. Mo rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni ń fa okùn. Kò dé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹ bọ̀ọ̀lì, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ẹ tún gbọ́ èyí: bí òjò bá pa òrùlé, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínà kẹ́ ẹ tó ká a. Mo ká tèmi sẹ́yìn ní tútù lẹ́ẹ̀kan, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó hu èébu lójú ìká. Ìlà dúdú náà wà níbẹ̀ dòní.

Ọ̀rọ̀ òfì wá kù. Gbogbo ẹni tó bá rí ọkọ̀ yìí ló ń sọ pé kí n fi aṣọ òkè rán ìjókòó rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. Mo lọ sí Ìsẹ́yìn, mo ra ẹtù tó dára, bàbá rán an sí àárín ìjókòó iwájú méjèèjì lẹ́yìn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. Ó wuyì, mi ò ní purọ́. Ẹni tó jókòó dà bí ọba. Àmọ́ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n ń hun òfì, tí wọ́n ń so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tó hun ún sì ń ro ti ejìká ni, kò ro ti ìdí. Ojú ìsopọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Oòrùn mú àwọ̀ aró rẹ̀, oṣù mẹ́jọ ló fi di àwọ̀ eérú. Mo yọ ọ́. Èyí tó kù tí oòrùn kò rí, mo fi lẹ inú ìdérí àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹ ò ní rí i àfi tẹ́ ẹ bá ṣí i. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe wà lórí ìjókòó lọ.

Dáṣíbọ́ọ̀dù, mi ò ní fi gba àkókò yín: ó ti là níbi mẹ́ta, mo lẹ lẹ́dà bò ó, oòrùn yọ́ gọ́ọ̀mù, ó wú bíi pọfupọ́ọ̀fù níbi tó ti tẹ̀ wọ inú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Rédíò, abẹ́ ìjókòó ni mo gbé e sí, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n tún lu ihò kankan sára ọkọ̀ náà.

Rọ́ọ̀gì ni mo tẹ́ kẹ́yìn, ti dúdú lọ́tẹ̀ yìí, kò sì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìkọ́ lásán ló dì í mú, kí n lè máa gbé e sá. Òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún yìí rọ̀ lóru, mo gbọ́ ọ lórí páànù, mi ò lè sùn. Aago márùn-ún ìdájí, mo wọ bàtà, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo lọ tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún. Gbígbẹ. Iwájú òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ibì kan tutù, kò ju ojú tíṣùù kan lọ. Mo gbé rọ́ọ̀gì sókè, mo fi tọ́ọ̀ṣì tọ omi náà gòkè, ó ń tinú ìsàlẹ̀ rọ́bà gíláàsì wá, ní kọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀kì wà lápò mi. Mo sàmì síbẹ̀, mo lọ jí ọmọ mi.